Bọ́tìnnì Kan, Ọ̀gá Márùn-ún

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọdé mọ́ láyé yìí. Ó ti tó bí ọgọ́rin ọdún tí irú rẹ̀ ti wà, ó sì ti jogún ìwà lọ́wọ́ tàípíráìtà, lọ́wọ́ ẹ̀rọ tẹligíráàmù àti lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé. Nítorí náà, bí ó bá ṣubú, ẹ̀yìn ló yẹ kí a wò. Àmọ́ ṣé ẹ̀yìn là ń wò? Rárá o. Ẹni tó jókòó nídìí rẹ̀ là ń wò, òun náà là ń bú.

Ẹ wo Pedro, ní agbègbè tí Ṣómólú àti Bàrígà ti fara kanra. Kò sí ará Èkó tí kò mọ̀ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀, Ṣómólú ni orí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, rìsíìtì, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, àti láti Yaba College of Technology, tó ti wà láti 1947, ń kó pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá fún títẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ náà ń gbé àdúgbò yìí, nítorí Yaba, tí wọ́n dá Co-Creation Hub sílẹ̀ sí ní 2010, kò jìnnà síbẹ̀. Atẹ̀wé àti akọ̀wé-ètò kì í jókòó pọ̀, owó tí wọ́n ń gbà kò sì dọ́gba. Síbẹ̀ ẹ̀sùn kan náà lẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì: "Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ lánàá tó gbé mi lọ sí fèrèsé kejì, òun náà ni mo tẹ̀ lónìí tó ṣe nǹkan mìíràn. Kọ̀ǹpútà yìí ti ya wèrè."

Kò ya wèrè. Ìtàn ló wà nídìí rẹ̀, ìtàn náà ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ EWU

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní fèrèsé. Ẹni tó ń kọ̀wé nínú kọ̀ǹpútà lè pín ojú ẹ̀rọ náà sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ìwé kan wà lápá òsì, kí òmíràn wà lápá ọ̀tún. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni fèrèsé. Wíńdò ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é. Igi tínrín kan wà tó máa ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ. Inú fèrèsé kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́ẹ̀kan, ibi tó bá sì wà ni gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ yóò bọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí fèrèsé kejì láì fọwọ́ kan máòsì, bọ́tìnnì lẹ ó tẹ̀.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Oníbàárà dé láàárọ̀, ó fẹ́ gba ìwé ètò ìsìnkú kí ilẹ̀ tó ṣú. Atẹ̀wé kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Yóò ṣí èyí tó ṣe ní oṣù tó kọjá, yóò ṣí tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò máa mú ọ̀rọ̀ láti ibi kan lọ sí ibi kejì. Níkẹyìn yóò pàṣẹ pé níbi gbogbo tí kọ̀ǹpútà bá ti rí orúkọ olóògbé àkọ́kọ́, kó fi ti ìkejì rọ́pò. Bí ó bá wà nínú fèrèsé tó yẹ, kí ó tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì bá ti gbé e lọ sí fèrèsé tí kò yẹ láì jẹ́ pé ó fura, ìwé tuntun yóò ṣì máa jẹ́ orúkọ òkú àtijọ́. Ẹ gbà mí o! Bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀dà 500 kí wọ́n tó rí i, kí ni ẹ fẹ́ sọ fún ọmọ olóòkú? Ta ni yóò san owó ìwé àti íńkì? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ iṣẹ́ ni. Wọn á ní ojú rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́, wọn á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀.

Àwa kò sọ pé ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe àìbìkítà. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a tó dá ẹjọ́, kí a gbọ́ ti bọ́tìnnì náà.

Ẹ mú bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Ctrl sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tẹ H mọ́ ọn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, bí ẹ bá wà nínú Microsoft Word, àpótí tí a fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò ṣí. Bí ẹ bá wà nínú Chrome tàbí Firefox, àkọsílẹ̀ gbogbo ojú ewé tí ẹ ti bẹ̀ wò ni yóò jáde. Nínú Emacs, tí àwọn akọ̀wé-ètò fi ń kọ̀wé, ìrànlọ́wọ́ ni yóò wá. Nínú tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, yóò pa lẹ́tà kan rẹ́. Nínú Vim, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti tún un ṣe fún ara wọn kí ó lè máa gbé wọn lọ sí fèrèsé tó wà lápá òsì. Bọ́tìnnì kan, ọ̀gá márùn-ún. Níbo ni gbogbo wọn ti wá?

LÁTI ORÍ ÒJÉ

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, òjé ni àwọn atẹ̀wé fi ń tò ọ̀rọ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni Henry Townsend fi gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Lẹ́tà òjé kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú àpótí. Atòwé tó mọṣẹ́ kì í wo àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ bá dá lẹ́tà padà sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ lálẹ́, inú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni àṣìṣe náà yóò ti jáde lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ṣe é ti lọ sílé, ẹni tí kò mọ̀dí ni wọ́n ń bá wí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Tàípíráìtà tẹ̀lé e. Ní 1878, Remington gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kejì jáde, ó sì ní bọ́tìnnì kan tó jẹ́ tuntun: Shift. Títí di ìgbà náà, lẹ́tà ńlá nìkan ni ẹ̀rọ Remington ń tẹ̀. Shift ló jẹ́ kí bọ́tìnnì kan lè tẹ lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ó dára, ó sì dín iye bọ́tìnnì tí ì bá kún ẹ̀rọ náà kù. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni bọ́tìnnì ti kọ́ bí a ṣe ń jíṣẹ́ méjì. Ohun tí yóò ṣe kò sí lára bọ́tìnnì náà nìkan mọ́; ó wà lára ohun mìíràn tí a tẹ̀ mọ́ ọn.

NỌ́ŃBÀ 8 ÀTI NỌ́ŃBÀ 127

Ibi tí ìjà gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹnu kò lórí àkójọ nọ́ńbà kan tí wọ́n pè ní ASCII, wọ́n sì tún un ṣe ní 1967. Gbogbo lẹ́tà àti àmì gba nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ kan lè bá ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 127. Àwọn 32 àkọ́kọ́ kì í ṣe lẹ́tà rárá, àṣẹ ni wọ́n: lu agogo, lọ sí ìlà tuntun, padà sẹ́yìn. Bọ́tìnnì Ctrl ni a fi ń pa àwọn àṣẹ wọ̀nyí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà kan, ipò tí lẹ́tà náà wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni nọ́ńbà tí yóò lọ. H ni ìkẹjọ. Nítorí náà, Ctrl pẹ̀lú H ń fi 8 ránṣẹ́, ohun tí 8 sì túmọ̀ sí ni pé: padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé 8 kò pa nǹkan kan rẹ́ nígbà náà. Ó kàn ní kí orí ẹ̀rọ sún sẹ́yìn ni. Èyí tó ń pa nǹkan rẹ́ ni 127. Ìdí rẹ̀ dùn mọ́ni. Nígbà náà, orí téèpù páálí ni wọ́n ń lu ọ̀rọ̀ sí, ihò méje sì ni ààyè wọn fún lẹ́tà kan. Bí ẹ bá ti lu ihò tí kò yẹ, ẹ kò lè dí i mọ́. Kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ ó dá téèpù náà padà sẹ́yìn, ẹ ó wá lu ihò méjèèje jálẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá rí ihò méjèèje pọ̀ yóò mọ̀ pé a ti pa ibẹ̀ rẹ́, yóò fò ó kọjá. Ihò méjèèje tó ṣí yẹn gan-an ni nọ́ńbà 127.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Iṣẹ́ méjì ni: pípadà sẹ́yìn, àti pípa rẹ́. Nígbà tí ojú gíláàsì rọ́pò páálí, wọ́n fi méjèèjì sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, èyí tó wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, tí a ń pè ní Backspace. Kí ni kí bọ́tìnnì yìí máa fi ránṣẹ́, 8 tàbí 127? Kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1981 ní 8 ni. Ẹ̀rọ VT220 tí ilé iṣẹ́ Digital gbé jáde ní 1983 ní 127 ni. Olúkúlùkù ní àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ìyapa náà sì wà títí di òní.

ỌMỌ ÌYÁ KAN NÁÀ

Ní 1976, ilé iṣẹ́ Lear Siegler ní Amẹ́ríkà gbé tẹ́mínà olówó pọ́ọ́kú kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ADM-3A. Ẹ̀rọ náà kò ní bọ́tìnnì ọfà lọ́tọ̀. Orí lẹ́tà H, J, K àti L ni wọ́n ya àwọn ọfà sí. Kí ló dé tí ọfà òsì fi wà lórí H? Nítorí pé Ctrl pẹ̀lú H ni nọ́ńbà 8, 8 sì ni padà sẹ́yìn. J ni ìkẹwàá, nọ́ńbà ìlà tuntun, nítorí náà ọfà rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Wọ́n fi K ṣe òkè, wọ́n fi L ṣe ọ̀tún.

Ẹ̀rọ yìí ni Bill Joy, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, ń lò nígbà tó ń kọ ètò ìkọ̀wé tí ayé wá mọ̀ sí vi. Bó ṣe rí ọfà lórí H, J, K àti L ló ṣe mú wọn: H fún òsì, J fún ìsàlẹ̀, K fún òkè, L fún ọ̀tún. Ní 1991, Bram Moolenaar, ará Netherlands, gbé Vim jáde láti inú àṣà vi yìí. Ó di 1994 kí Vim tó lè pín ojú ẹ̀rọ sí fèrèsé púpọ̀. Moolenaar ní kí a tẹ Ctrl pẹ̀lú W ná, kí a tó wá tẹ H láti lọ sí fèrèsé òsì. Ìtẹ̀ méjì fún ìrìn kan. Ó rẹ àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gé e kúrú, wọ́n ní kí Ctrl pẹ̀lú H nìkan máa gbé wọn lọ sí òsì, ó tán.

Kò tán o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti 1967 ni Ctrl pẹ̀lú H ti ní ọkọ nílé. H tó túmọ̀ sí òsì àti H tó túmọ̀ sí Backspace, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n; nọ́ńbà 8 ló bí àwọn méjèèjì. Wọ́n ya ara wọn, wọ́n wá pàdé nínú fèrèsé kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò dá ara wọn mọ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lórí kọ̀ǹpútà tí Backspace ti ń fi 127 ránṣẹ́, kò sí wàhálà: Ctrl pẹ̀lú H lọ sí òsì, Backspace pa lẹ́tà rẹ́. Ẹni náà gbé ètò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí Backspace ti ń fi 8 ránṣẹ́. Ó fẹ́ fi Backspace sún sẹ́yìn díẹ̀, ó bá ara rẹ̀ nínú fèrèsé òsì. Ó lè yí padà pẹ̀lú: ètò ìkọ̀wé lè rí 8, kó rò pé Backspace ni, kó kọ̀ láti lọ sí òsì. Ní nǹkan bí 2015, àwọn tó ń lo Neovim, ọmọ Vim tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2014, bá èyí pàdé, pàápàá lórí ẹ̀rọ Mac. J, K àti L ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, H nìkan ló kọ etí dídi. Ọ̀nà mẹ́ta là, ọ̀nà òsì dí. Bí a bá sọ irú èyí fún ẹni tí kò mọ ìtàn, àbí kò ní sọ pé ayé ló ń ṣe é?

IPÒ TÍ Ẹ̀RỌ WÀ

Ìdí kejì tún wà tí bọ́tìnnì kan fi ń yí padà. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ètò ló yàtọ̀, ipò tí ètò kan náà wà ló yàtọ̀. Ní nǹkan bí 1974, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Xerox ní California ṣe ètò ìkọ̀wé kan tí wọ́n pè ní Bravo. Bí Bravo bá wà ní ipò ìkọ̀wé, lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀, lẹ́tà ni. Bí ó bá wà ní ipò àṣẹ, lẹ́tà kan náà di àṣẹ. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni ti ẹni tó rò pé ipò ìkọ̀wé lòun wà, tó tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "edit". E ní kó mú gbogbo ìwé, D ní kó pa á rẹ́, I ní kó bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé, lẹ́tà T wá jókòó nìkan lójú ìwé. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ di lẹ́tà kan.

Larry Tesler wà ní ilé iṣẹ́ Xerox yìí. Òun àti Tim Mott kọ ètò Gypsy ní 1975 fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Ginn. Wọ́n lọ wo bí àwọn tó ń ṣàtúnṣe ìwé ṣe ń fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Láti ibẹ̀ ni gígé àti lílẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Tesler kórìíra ọ̀rọ̀ ipò yìí dé ibi pé ó kọ ọ́ sára nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ. Àwọn ètò tí ọ̀pọ̀ wa ń lò lónìí tẹ̀lé ti Tesler, àwọn ará Vim sì ṣì ń lo ipò. Méjèèjì wà láàyè.

Ìdí kẹta ni bí àwọn fèrèsé ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, ti àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú sì ni èyí jù. Alt pẹ̀lú Tab lórí Windows kì í tẹ̀lé bí àwọn fèrèsé ṣe tò lójú. Èyí tí ẹ lò kẹ́yìn ló ń padà sí. Bí ẹ bá ń lọ tí ẹ ń bọ̀ láàárín ìwé ìsìnkú àtijọ́ àti tuntun, ìtẹ̀ kan ti tó. Àmọ́ bí oníbàárà mìíràn bá wọlé, tí ẹ ya ojú rìsíìtì wò fún un kí ẹ tó padà, ìtẹ̀ kan kò ní gbé yín lọ sí ibi tó ń gbé yín lọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ojú rìsíìtì lẹ ó bá ara yín. Nínú Chrome ẹ̀wẹ̀, Ctrl pẹ̀lú Tab ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, bí àwọn ojú ewé ṣe tò. Ilé iṣẹ́ kan náà pàápàá kì í fohùn ṣọ̀kan. Láti Word 2000 ni ìwé Word kọ̀ọ̀kan ti ní fèrèsé tirẹ̀, àmọ́ Excel tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ ń kó gbogbo ìwé sínú fèrèsé ńlá kan títí Excel 2013 fi dé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú. Ní 1987, IBM gbé òfin kan jáde, Common User Access, kí bọ́tìnnì kan lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà níbi gbogbo. Láti ibẹ̀ ni F1 ti di ìrànlọ́wọ́, tí Alt pẹ̀lú F4 sì di títì fèrèsé. Ó dé ibi kan, kò dé ibi gbogbo.

BÍ A ṢE Ń WÁ KÒKÒRÒ

Kòkòrò ni àwọn òyìnbó ń pe irú àṣìṣe yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Thomas Edison ti lò ó nínú lẹ́tà ní 1878. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard, wọ́n rí kòkòrò gidi, àfòpiná kan, nínú kọ̀ǹpútà Mark II. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn. Grace Hopper, tó wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, sọ ìtàn yìí káàkiri títí ó fi di mímọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n wò ó, wọ́n rí i, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń wá a nìyí. Àkọ́kọ́, kí àṣìṣe náà tún ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ó kọ ohun tó ṣe ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀: bọ́tìnnì wo, nínú ètò wo, lórí kọ̀ǹpútà wo. "Ó máa ń ṣe é nígbà mìíràn" kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà wo ni "nígbà mìíràn"?

Ìkejì, kí ó mọ̀ pé bọ́tìnnì kì í lọ tààrà. Iṣẹ́ tí a rán an ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́: láti kíbọ́ọ̀dù sí Windows tàbí Linux, láti ibẹ̀ sí tẹ́mínà, láti tẹ́mínà sí ètò ìkọ̀wé, kí ó tó dé ìlànà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ kọ sínú ètò yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á lè jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì lè yí i padà. Kíbọ́ọ̀dù mọ̀ dájú pé H ni ẹ tẹ̀, pé kì í ṣe Backspace. Àmọ́ nígbà tí tẹ́mínà bá sọ méjèèjì di 8, ìyàtọ̀ ti kú síbẹ̀. Ẹni tó wà níwájú kò lè jí i mọ́. Lórí Linux, ẹ lè wo ohun tó ń kọjá fúnra yín. Nínú tẹ́mínà, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú V, kí ẹ tó tẹ Backspace. Bí ẹ bá rí ^H, 8 ni. Bí ẹ bá rí ^?, 127 ni. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí ẹ ó fi mọ ẹni tó ń jẹ̀bi.

Ìkẹta, kí ó bọ́ ẹ̀wù lára ètò ìkọ̀wé. Bí ẹ bá ṣí Vim báyìí, vim -u NONE, tàbí Emacs báyìí, emacs -Q, yóò dìde láìsí ìlànà kankan tí ẹ ti kọ fún un. Bí àṣìṣe náà bá pòórá, inú ìlànà yín ló wà. Ẹ fi ìdajì padà, kí ẹ wò ó. Ẹ fi ìdajì tó kù padà. Bí ẹ ṣe ń pín in sí méjì bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi ká a mọ́ ibi tó wà.

Ìkẹrin, kí ó má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó yí méjì padà tí ara ẹ̀rọ fi yá, kò mọ èyí tó jẹ́ oògùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ lè ní kí tẹ́mínà máa fi 127 ránṣẹ́ fún Backspace. Ẹ lè padà sí ìtẹ̀ méjì tí Moolenaar fi sílẹ̀ kó tó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Àwọn tẹ́mínà tuntun bíi kitty sì ti lè sọ fún ètò ìkọ̀wé pé H gan-an ni ẹ tẹ̀, kì í ṣe 8 lásán.

Àwọn ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní Pedro àti ní Ṣómólú wá ńkọ́? Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́ Vim. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kéré, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù kan máa lo ẹ̀dà ètò kan náà, kí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ má baà kọ́ àṣà méjì. Kí wọ́n ti ìwé oníbàárà àtijọ́ pa kí wọ́n tó pààrọ̀ orúkọ nínú tuntun. Kí a ka orúkọ tó wà lókè fèrèsé kí a tó pàṣẹ ìpààrọ̀. Kí ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ń kọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí, bí àwọn ará Harvard ti ṣe. Bí ohun kan náà bá wà nínú ìwé náà nígbà mẹ́ta, láti ọwọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ojú ọmọ iṣẹ́ ni kò ríran.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá wa, kí ẹ tó yọ owó lára owó oṣù ọmọ ọlọ́mọ, ẹ bi bọ́tìnnì náà ní ìbéèrè kan: níbo lo ti wá, ta lo sì ń sìn lónìí?